Ta Ló Sin Ìyá?

Òde ìsìnkú kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti kó sí mi lọ́kàn. Màlúù mẹ́ta ni wọ́n pa. Mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tí olóògbé bí jókòó nínú aṣọ òfì, wọ́n ń náwó fún olórin. Àbígbẹ̀yìn ni kò ráyè jókòó. Ìdí ìkòkò ló wà. Òun kan náà ló fi ọdún mẹ́ta yí ìyá wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ibùsùn, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá dùbúlẹ̀, kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Bó bá ní owó ìlédìí ti tán, "kò sówó nílẹ̀" ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí. Ìyá kú, owó màlúù yọjú. Àwọn àlejò ń kan sáárá sí wọn: "Wọ́n mà sin ìyá wọn o! Ọmọlúàbí ni wọ́n."

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í ṣe oyè tí wọ́n ń fowó jẹ. Òótọ́, ìtẹríba, inú rere àti iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbé sókè bí wọ́n bá gbọ́ nípa ilé ìtọ́jú arúgbó: "Èèwọ̀ ni nílẹ̀ Yorùbá!" Ṣùgbọ́n ọmú ni òwe sọ, kò sọ yàrá. Láyé agboolé, ìyàwó ilé, ọmọ-ọmọ àti aládùúgbò ló jọ ń pín iṣẹ́ náà. Lónìí, ọmọ kan wà ní Ìkẹjà, ọ̀kan wà ní London, ẹnìkan ṣoṣo ló wà nídìí ìyá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má gbé ìyá kúrò nílé, tí kò fi owó tàbí ọwọ́ kún un, ẹnu lásán ló fi ń tọ́jú ìyá.

Kí ẹbí tó yan irú ìtọ́jú, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí àgbà náà lè dá ṣe: ṣé ó lè wẹ̀, ṣé ó lè jẹun, ṣé ó ń rántí oògùn rẹ̀, ṣé kò ní jáde lóru kó sọ nù? Ẹni tó ṣì lágbára díẹ̀, olùtọ́jú tó ń wá lójúmọ́ lè tó o. Ẹni tí kò lè dá wà rárá nílò ẹni tí yóò máa bá a sùn, tàbí ilé ìtọ́jú bí Regina Mundi tí ìjọ Kátólíìkì ní ní Mushin. Kí wọ́n sì bi ìyá fúnra rẹ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí ìyá láàárọ̀, tó wá di ẹrù ìyá lálẹ́ láìbi í, ìtẹríba orúnkún nìkan ló ní.

Owó ńkọ́? Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣù. Ó dára, ṣùgbọ́n owó ìjọba kì í tó ra oògùn àti oúnjẹ pọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí agbanisíṣẹ́ fi mẹ́wàá kún un. Láti 2019 ni ètò ìfẹ̀yìntì tiwọn ti wà fún télọ̀, awakọ̀ àti ìyálọ́jà náà. Fún ìyá tí kò ní ọ̀kankan, kí àwọn ọmọ máa dá owó lóṣooṣù bí ìgbà tí wọ́n ń dá èsúsú, kí wọ́n sì ka iṣẹ́ ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sí owó tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi ìtọ́jú òbí olóbìí jẹun, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò dá gbogbo owó ilé ìtọ́jú san. Wọ́n lè ka ilé rẹ̀ mọ́ ọn, àyàfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Àwọn kan á wá sáré kọ ilé bàbá sí orúkọ ọmọ. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá rí i pé torí àtisá fún owó ni, wọ́n á ṣì ka ilé náà sí bàbá lọ́rùn. Òótọ́ tó ṣáájú nínú òṣùwọ̀n ọmọlúàbí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi tọrẹ, kò sì rí èrè kankan níbẹ̀.

Mo padà ronú sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ọjọ́ náà. Yorùbá dùn: "sin ìyá" lè jẹ́ ìsìnkú, ó sì lè jẹ́ ìsìn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sin ín. Ẹni tó wà nídìí ìkòkò ló sìn ín.