Nígbà Tí Ilé Ọba Napoli Jó Lẹ́ẹ̀kejì

Póìǹtì 90 ni Napoli kó jọ ní sáà 2022 sí 2023, tí wọ́n fi gba ife líìgì Ítálì. Lazio tó ṣe ipò kejì, 74 ni tiwọn. Nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, póìǹtì 53 péré ló wà lápò Napoli, ipò kẹwàá ni wọ́n sì wà. Láti ọdún 1997 tí AC Milan ti gba ife tán tí wọ́n tún ṣe ipò kọkànlá, kò sí ẹgbẹ́ míì tó gba líìgì yẹn tó já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì.

Àwọn kan fojú àánú wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọdún ìyípadà ni, pé ẹgbẹ́ tó bá ti pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì kó tó dúró. Èmi ò gbà. Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká nígbà tí ìlù ayẹyẹ ṣì ń dún lọ́wọ́ ni, wọ́n wá ń sáré kiri wá ẹni tí yóò bá wọn tò ó pa dà.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ayọ̀ náà ti pọ̀ tó. Ìgbà ayé Diego Maradona níbẹ̀ ni Napoli ti gba líìgì, lọ́dún 1987 àti 1990. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìlú náà fi retí ìkẹta. Udine ló ti já mọ́ wọn lọ́wọ́, lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Udinese. Victor Osimhen ló gbá ti Napoli wọlé. Ọmọ Olúsòsún l'Ékòó, tó kiri ọjà láàárín ọkọ̀ nínú gósíló kó tó di ẹni tí ayé mọ̀, gọ́ọ̀lù 26 ló jẹ nínú líìgì lọ́dún náà. Kò tíì sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan ṣáájú rẹ̀ tí gọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní líìgì Ítálì. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó jẹ́ pé ìjà Arsenal àti Chelsea nìkan ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà nílé ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí Napoli máa gbá.

Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ ká fún Aurelio De Laurentiis, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, ní ìyìn tó tọ́ sí i. Oníṣòwò fíìmù ni. Ọdún 2004 tí gbèsè ti mu Napoli dé ọrùn, tí ẹgbẹ́ náà ti kógbá wọlé, ló rà á. Ìpele kẹta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tó fi máa di ọdún 2007, wọ́n ti pa dà sáàárín àwọn àgbà. Kì í náwó ní ìnákúnàá, kì í sì í jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan fi owó oṣù há òun lọ́fun.

Ìṣọ́wó-ná yìí ló dá iná àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Kalidou Koulibaly tó ti jẹ́ ògiri ẹ̀yìn wọn fún ọdún mẹ́jọ lọ sí Chelsea. Lorenzo Insigne, ọmọ bíbí ìlú náà tó tún jẹ́ ọ̀gá ikọ̀, gba Kánádà lọ. Dries Mertens lọ, Fabián Ruiz náà lọ. Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn gan-an, wọ́n ní De Laurentiis ti ta ilé wọn. Àmọ́ Cristiano Giuntoli, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ náà ra agbábọ́ọ̀lù láti ọdún 2015, ti mọ ibi tí òun ń lọ. Ó mú Kim Min-jae, ọmọ Kòríà, wá láti Fenerbahçe ní Turkey. Ó lọ sí Georgia, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khvicha Kvaratskhelia wá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 yúrò. Luciano Spalletti, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kọ́ gbogbo wọn títí tí bọ́ọ̀lù fi ń yí láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà nílé kan náà. Nígbà tí sáà yẹn parí, Kim ni ẹ̀yìn tó dára jù ní líìgì, Kvaratskhelia sì gba ti agbábọ́ọ̀lù tó dára jù.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bírikìlà àti káfíńtà ló bu ẹwà sí ilé ọba, kì í ṣe iná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ ọdún 2023 jọ pé ẹni tó ni Napoli gbà lọ́kàn rẹ̀ pé iná ló ṣiṣẹ́ náà.

Spalletti ni wọ́n kọ́kọ́ pàdánù. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan kún tirẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Dípò kí wọ́n jókòó bá ẹni ọdún 64 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wálé sọ̀rọ̀, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí òfin Ítálì kà sí ìwé tó múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn. Ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ sinmi fún ọdún kan, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè Ítálì, De Laurentiis sì ń fi ìbínú tọ́ka sí àdéhùn àti owó ìtanràn. Mo rò pé ká ní ó ti fi ìdajì agbára tó fi ja ìjà owó yẹn bẹ Spalletti nígbà tó ṣì wà nílé, bóyá ìtàn yìí kì bá tí wáyé.

Giuntoli lọ sí Juventus ní oṣù Keje. Ti Kim ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wà nínú ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé pé láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje, ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá san iye kan lè mú un lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bayern Munich san nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 yúrò, wọ́n mú un lọ. Ọdún kan gbáko ni Napoli fi mọ ọjọ́ tí àlejò yẹn máa kan ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó mú Natan wá láti Brazil, ọ̀dọ́ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù rí, pé kó wá dí àlàfo ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣàárò Koulibaly pàápàá. Gọ́ọ̀lù 28 ni wọ́n jẹ Napoli lọ́dún tí wọ́n gba ife. Lọ́dún kejì, ó di 48.

Rudi Garcia ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o. Ó ti gba líìgì àti ife Faransé pẹ̀lú Lille lọ́dún 2011, ó sì ti mú Lyon dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹlòmíràn kọ́ ló bá, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti mọ ojú ọ̀nà lókùnkùn. Ní Genoa, Kvaratskhelia fa ojú ro nígbà tó mú un jáde. Ní Bologna, Osimhen náà pariwo sí i lójú gbogbo ayé nígbà tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá ni Bologna yẹn. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, Osimhen gbá pẹ́náritì, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, eré sì parí sí 0-0. Àṣìṣe tí kò sí atamátàsé tí kì í ṣe é nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí fídíò kan fi jáde lórí TikTok. Wọ́n yí ohùn padà, wọ́n fi bó ṣe ń bẹ adájọ́ fún pẹ́náritì ṣẹ̀sín. Òmíràn tún wà tí wọ́n ti fi í wé àgbọn. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, kò burú. Ojú ewé Napoli fúnra wọn ni wọ́n gbé e sí. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló bínú lọ́dún 2018 nígbà tí àwọn òǹwòran ń ké bí ọ̀bọ sí Koulibaly ní pápá Inter ní Milan, tí gbogbo ènìyàn sì yìn wọ́n pé wọ́n dúró ti ọmọ wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ adúláwọ̀ tó gbé ife lé wọn lọ́wọ́.

Aṣojú rẹ̀ ní àwọn lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Osimhen pa àwọn fọ́tò tó ti wọ aṣọ Napoli rẹ́ kúrò lórí Instagram. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn Bologna, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Udinese, wọ́n sì borí 4-1, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túká. Ẹgbẹ́ náà kọ̀wé lọ́jọ́ kejì pé àwọn kò ní i lọ́kàn láti fi í ṣẹ̀sín. Lóòótọ́, Osimhen tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe ní oṣù Kejìlá, oṣù náà gan-an tí wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà, irú èyí tí ọmọ Nàìjíríà kò gbà mọ́ láti ìgbà Kanu lọ́dún 1999. Àmọ́ ìwé ni wọ́n tún ṣe. Inú ọmọkùnrin náà ti kúrò níbẹ̀.

Garcia kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kọkànlá, Empoli na Napoli 1-0 nílé wọn, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ipò kẹrin ni wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò rẹ̀. Wọ́n ké sí Walter Mazzarri, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2009 sí 2013, bí ẹni tó rò pé orúkọ àtijọ́ lè dá ọjọ́ àtijọ́ pa dà. Frosinone tí kò ní ju ìwọ̀nba owó lọ wá sí pápá Maradona, wọ́n na wọ́n 4-0 nínú ife Ítálì. Ní Riyadh, Inter gba ife Supercoppa lọ́wọ́ wọn nígbà tí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu tán. Osimhen wà ní Ivory Coast nígbà náà, ó ń bá Super Eagles dé àṣekágbá AFCON. Gọ́ọ̀lù wá ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ Mazzarri.

Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejì, nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré kí Barcelona dé, wọ́n lé Mazzarri náà lọ. Francesco Calzona ló gbà á, ẹni tó ti ṣe igbákejì lábẹ́ Spalletti rí. Orílẹ̀-èdè Slovakia ló ń kọ́ lọ́wọ́, kò sì fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nítorí Napoli. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta láàárín sáà kan! Ẹ̀yìn mẹ́rin ni Garcia fi gbá. Mazzarri náà fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ó tún yí i sí mẹ́ta. Calzona dé, ó dá a pa dà sí mẹ́rin. Barcelona lé wọn kúrò nínú Champions League ní oṣù Kẹta. Ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Lecce ni wọ́n fi kádìí sáà náà. Láti ọdún 2010 ni Napoli ti ń gbá bọ́ọ̀lù Yúróòpù lọ́dọọdún láìyẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó sílé.

De Laurentiis fúnra rẹ̀ jáde sọ pé òun lòun jẹ̀bi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tún tẹ́ mi lọ́rùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó mú Antonio Conte wá, ọkùnrin tí kì í gba kí wọ́n bá òun ṣe iṣẹ́ òun, ó sì tú àpò fún un ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Verona na Conte 3-0 nínú eré àkọ́kọ́ ní líìgì. Wọn ò lé e. Lọ́jọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Napoli gba líìgì lẹ́ẹ̀kẹrin, póìǹtì 82 sí 81 ti Inter.

Àwọn tó ń pe sáà tó bàjẹ́ yẹn ní ìyípadà máa ń tọ́ka sí ife yìí, pé ṣé ẹ rí i, ó já síbi tó dára. Kò já síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Osimhen kò sí nínú ètò Conte. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n yá a fún Galatasaray ní Istanbul. Gọ́ọ̀lù 26 ló jẹ ní líìgì wọn, iye kan náà tó jẹ fún Napoli lọ́dún tí wọ́n gba ife, Galatasaray sì gba líìgì Turkey. Lọ́dún 2025, wọ́n san mílíọ̀nù 75 yúrò, wọ́n rà á tán porogodo.