Ẹni Tí Ó Ní Òun Rí Ohun Tí Ojú Kò Rí: Ṣé Kí A Tẹ̀lé E?



Ìbéèrè kan wà tí ó sábà máa ń wáyé láàrin wa, pàápàá nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tàbí tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa wa, tí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òtítọ́, ṣé kò tọ́ kí a gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé àlá tí àwọn bá lá kì í ṣàìṣẹ. Àwọn mìíràn mọ ilé aríran kan, tàbí ti alfa kan tí ń tẹ yanrìn, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tàsé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí rẹ̀ ni ilé ti tú, tí ìyá àti ọmọ ti di ọ̀tá ara wọn.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dà láàmú. Àwọn òyìnbó ti ná owó àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lé e lórí. Ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni J. B. Rhine ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1934. Káàdì 25 ni ó ń lò, oríṣi àmì 5 ni ó sì wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò sọ àmì tí ó wà lára káàdì tí kò rí. Ẹni tí ó kàn ń méfò yóò gba nǹkan bíi 5 nínú 25. Rhine sọ pé àwọn kan ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìdánwò náà ṣe, tí wọ́n sì dí gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn fi lè yọjú wo káàdì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ju iye tí èfò ń mú wá lọ.

Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá dá sí i. Láti 1972 títí di 1995, àwọn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ti ológun wọn ń sanwó fún àwọn tí yóò jókòó sínú yàrá, tí wọn yóò máa ṣàpèjúwe ibi tí ó jìnnà réré, títí kan àwọn ibi tí ìjọba Sófíẹ̀tì ìgbà náà ń fi pamọ́. Stargate ni wọ́n pe iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná. Nígbà tí wọ́n pe àwọn onímọ̀ méjì láti yẹ̀ ẹ́ wò ní 1995, Jessica Utts ní èsì náà ju èfò lọ, Ray Hyman ní kò tíì sí ẹ̀rí tí ó dúró. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí ó jáde sọ pé ohun tí àwọn aríran náà ń sọ kò ṣe pàtó tó ohun tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ni wọ́n bá pa á tì.

Ọ̀gbẹ́ni onídán kan tún wà, James Randi. Ní 1964, ó fi 1,000 dọ́là lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn níbi tí kò ti sí ẹ̀tàn. Ní 1996, owó náà di mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ó tọrọ pé kí wọ́n dán àwọn wò. Títí tí wọ́n fi pa ètò náà dé ní 2015, ẹnì kan ṣoṣo kò gba owó náà.

Ẹnì kan lè wí pé: "Ṣùgbọ́n èmi ni ó sọ tèmi fún, ó sì rí bẹ́ẹ̀." A gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi máa ń "rí bẹ́ẹ̀".

Ìkínní, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. Ní 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò, ó sì fún oníkálukú ní ìwé tí ó ní òun fi ṣàlàyé ìwà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi máàkì láti òdo dé 5 sọ bí ó ti bá wọn mu tó. Máàkì wọn jẹ́ 4.26 tí a bá pín in dọ́gba. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà, inú ìwé awòràwọ̀ ni ó sì ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ. Ta ni nínú wa tí a ó sọ fún pé "ẹnì kan wà nítòsí rẹ tí kò fẹ́ràn ìlọsíwájú rẹ" tí orúkọ kan kò ní sọ sí i lọ́kàn?

Ìkejì, ènìyàn pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù kan ni àlá rẹ̀ lè ṣèèṣì bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì mu, àwa tí a ju mílíọ̀nù 200 lọ ní Nàìjíríà yóò ní ju igba irú rẹ̀ lọ ní òru kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni yóò ròyìn. Ẹni tí àlá rẹ̀ kò ṣẹ kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, àwa ń bi yín: ọjọ́ mélòó ni ẹyẹ ti ké lóru tí ọmọ kankan kò kú?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yọ̀ǹda pé ẹnì kan ń rí i lóòótọ́. Ṣé kí a wá tẹ̀lé e? Níbí ni ẹ̀sìn wa ti lani lójú.

Kùráánì Alápọ̀nlé fi yé wa pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ìkọ̀kọ̀. Ànọ́bì Sùlàímọ́nù kú lórí ìdúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, àwọn àlùjọ̀nnú sì ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn lọ níwájú òkú, títí kòkòrò fi jẹ ọ̀pá náà tí ó sì ṣubú. Bí wọ́n bá mọ ìkọ̀kọ̀ ni, wọn ì bá ti sinmi. Nínú hádíìsì, Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a) ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan tí ó wà lẹ́nu awoṣẹ́ jẹ́ ohun tí àlùjọ̀nnú jí gbọ́, ọgọ́rùn-ún irọ́ ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Nítorí náà, pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹ kò sọ ìyókù di òtítọ́. Ẹran ara ìwọ̀ ni. Ẹja kì í gbé ìwọ̀ lásán mì.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí ó dé bá ìyá wa Àíṣà. Àwọn aláìṣòótọ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nílùú Mẹ̀dínà. Ànọ́bì fúnra rẹ̀, tí mọlàíkà ń bá sọ̀rọ̀, wà nínú ìrora fún bíi oṣù kan. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó sún mọ́ ọn, ó ní sùúrù, kò sọ pé òun rí i. Ìgbà tí ìmísí sọ̀ kalẹ̀ ni ó tó mọ̀ dájú. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Ọlọ́run ti tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí 4 wá. Bí kò bá rí wọn mú wá, òun ni a ó kà sí òpùrọ́. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá dúró de ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀, ta ni alfa oníyanrìn tí yóò fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ìyá bàbá yín?

Ibẹ̀ gan-an ni oró ọ̀rọ̀ náà wà. Ìmọ̀ tí ẹnì kejì kò lè yẹ̀ wò, ẹni tí a fi sùn kò lè fèsì sí i. Kí ni ìyá arúgbó yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ní wọ́n rí i lójú àlá? Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọmọ tí kò kí ìyá rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún un?

Àwa kò sẹ́ àlá rere. Ànọ́bì sọ pé ó jẹ́ ìpín kan nínú ìpín 46 iṣẹ́ ànọ́bì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ní kí a ṣe sí i: bí ó bá dára, kí a dúpẹ́, kí a sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ràn wa, bí ó bá burú, kí a wá ìṣọ́ Ọlọ́run, kí a má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní kí a fi mú ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ìdánwò ń bà lẹ́rù, kí ó ṣí ìwé rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó lọ rí dókítà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí aya rú lójú, kí ó béèrè ìwà onítọ̀hún lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó ki ìrun ìstìkáárà, kí ó sì pinnu. Bí a kò bá mọ ọ̀la, ẹni tí ó ni ín mọ̀ wá.

Kí Ọlọ́run Ọba má fi ẹ̀rù ọ̀la ba òní wa jẹ́. Àmín.