Ẹ JẸ́ KÍ ỌMỌ JÁDE WO ILẸ̀ ỌLỌ́HUN

Bismillaahir Rahmaanir Raheem.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin! Púpọ̀ nínú yín ló ń kọ́ ọmọdé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ní ilé kéwú. Àwọn tó kù yóò di òbí láìpẹ́, in sha Allah. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: kí olùkọ́ máa kó ọmọ jáde kúrò nínú kíláàsì, kí ó fi ilẹ̀, igi àti oòrùn kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló há Suratul Ghaashiyah sórí. Áyà 26 ni. Ànábì (SAW) a máa kà á ní ìrun Jímọ̀ àti ìrun ọdún. Láti áyà 17 dé 20, Ọlọ́hun pè wá láti wo nǹkan mẹ́rin: ràkúnmí, sánmọ̀, òkè àti ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i, wíwò ni Ọlọ́hun béèrè. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ wa wà nígbà tí ó ń ké e? Inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò ni. Ó mọ áyà náà, kò rí ohun tí áyà náà ní kí ó wò.

Èyí tó tún burú jù ni pé a ti sọ ìta di ibi ìyà. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, a ní kó lọ gé koríko. Bí ó bá pariwo, a ní kó lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ọmọ tí a fi àdá àti ọkọ́ jẹ níyà fún ọdún 6, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ tí Ọlọ́hun fi ṣẹ̀dá wa?

Àwọn òbí kan yóò wí pé, “Ìwé la ní kí ẹ kọ́ ọ, a kò rán an lọ sóko.” Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn. Abẹ́ igi ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà áfáà wa ti kọ́ wàláà. Ní Jámánì, ní ọdún 1904, wọ́n dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ láàrin igbó ní Charlottenburg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin, fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá ṣáṣá. Ní 1907, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ta ni yóò pe ìyẹn ní àìlajú?

Kí ni a óò kọ́ wọn níta? Ẹ gba àpẹẹrẹ méjì.

Èkíní ni òjìji. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní gbangba, kí àwọn ọmọ máa wọn òjìji rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Yóò máa kúrú títí di ọ̀sán gangan. Nígbà tí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí gùn, àsìkò ìrun Àílà ti wọlé. Bí ohun tí ó fi gùn sí i bá tó gígùn ọ̀pá náà, Aláásárì wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, òjìji ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní Ìbàdàn, nítorí pé oòrùn wà lókè orí gan-an. Ìṣirò nìyẹn, ẹ̀kọ́ ìrun sì ni.

Èkejì ni ebè àgbàdo. Bí ìkórè bá tó ìwọ̀n tí sàká fi jẹ́ ọ̀ranyàn, ìdá kan nínú 10 ni sàká ohun tí òjò rin. Èyí tí a fi làálàá bomi rin, ìdá kan nínú 20 ni. Ọmọ tó há èyí sórí lásán lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti fi garawa pọnmi sí àgbàdo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní béèrè ìdí tí a fi dín in kù sí ìdajì. Apá rẹ̀ ti sọ fún un. Bí ẹyẹ bá ṣá díẹ̀ jẹ níbẹ̀, ẹ rán an létí ẹ̀kọ́ Ànábì (SAW) pé sàárà ni fún ẹni tí ó gbìn ín.

Ilé-ìwé tí kò ní ààyè lè tọrọ àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò nítorí ejò àti àfọ́kù ìgò. Kí ọmọbìnrin di ọkọ́ mú bí ọmọkùnrin. Ìpè inú áyà náà kò ya ẹnì kankan sọ́tọ̀. Ẹ má sì ṣe fi iṣẹ́ ilẹ̀ jẹ ọmọ níyà mọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Àjíǹde ni Suratul Ghaashiyah fi bẹ̀rẹ̀, ìṣirò iṣẹ́ ni ó sì fi parí. Àmánà ni àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a jẹ́ ẹni tó dí wọn lójú. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ wa àti tiwọn. Àmín.