Àtúnṣe Òdì, Ìbáwí Ọmọlúàbí

Láti oṣù kìíní ọdún 2001 tí Wikipedia ti bẹ̀rẹ̀ ni àyè ti wà fún ẹnikẹ́ni láti tún ohun tí ẹlòmíràn kọ síbẹ̀ ṣe. Ti èdè Yorùbá náà kò yàtọ̀. Àgbà olùkọ́ lè kọ nípa Òkè Olúmọ lónìí, kí ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí yí i padà lọ́la. Ọ̀pọ̀ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ náà ga, ṣùgbọ́n òmíràn ń bà á jẹ́. Ẹnìkan a yọ gbogbo àmì ohùn dànù. Ẹnìkan a sọ “ayé” di “aiye”, àkọtọ́ tí a ti fi sílẹ̀ láti ọdún 1974. Ẹlòmíràn a gbé ohun tí ògbufọ̀ orí ẹ̀rọ bá pọ̀ jáde kalẹ̀ láìkà á. Báwo ni ọmọlúàbí ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí?

Ohun tó rọrùn jù ni ká tẹ bọ́tìnnì kan, ká fagi lé àtúnṣe náà, ká sì bá tiwa lọ. Gbogbo ẹ̀dà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló wà ní ìpamọ́, nítorí náà kò pẹ́ rárá láti dá ti àná padà. Àwọn kan ka ìdákẹ́ yìí sí ìwà pẹ̀lẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò sọ àṣìṣe rẹ̀ fún yóò tún ṣe é, tàbí kó bínú lọ. Òtítọ́ wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó rí àṣìṣe tó dákẹ́ ti fi òtítọ́ du ọmọnìkejì rẹ̀.

Èébú kò sì sàn ju ìdákẹ́ lọ. “Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá?” kò tọ́ka sí àṣìṣe kankan, ènìyàn ló ń bá jà. Ìlànà Wikipedia fúnra rẹ̀ sọ pé ká má kanra mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ká sì kọ́kọ́ gbà pé ire ló ní lọ́kàn.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. A kò rí ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí náà “ẹ” ló yẹ ẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dá àmì orí ‘ọkọ̀’ padà, torí láìsí i, òǹkàwé lè rò pé ọkọ ìyàwó là ń sọ. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè tẹ àmì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó bá yín fi í sí i.” Àṣìṣe hàn, ìdí hàn, ọ̀nà àbáyọ náà sì hàn.

Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ ńkọ́? Kí a dá a dúró láìṣojo, nítorí ọmọlúàbí kì í ṣe ojo. Síbẹ̀, kí a má fi èébú kún un.

Àwọn tó ń fi Yorùbá kọ ìmọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì pọ̀ tó. Nítorí náà, kí a tó fagi lé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ká kí onítọ̀hún, ká sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Bí èsì náà bá fi hàn pé àwa la ṣì í, ká gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba.