ÀRÒJINLẸ̀ ÀTI ÀLÁ OJÚMỌMỌ: BÍ A Ó ṢE DARÍ ỌKÀN TÍ Ń RÌN

Ìwàásù Jímọ̀, mọ́sálásí wa ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ọkàn, tí ó sì mọ ohun tí ọkàn ń bá ara rẹ̀ sọ ní ìkọ̀kọ̀. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A ń sá di Í kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa alásáláàtù, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, nítorí inú kọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní wà.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, a kí ìrun Alásárì tán nínú mọ́sálásí yìí, ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bá rọra bi àgbàlagbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ráká mélòó ni a kí?" Àgbàlagbà náà dákẹ́, nítorí pé òun pàápàá kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa, a fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Àwa tí a dúró níwájú mọ̀ pé ní ráká kejì, ọkàn tiwa náà ti jáde lọ síbi owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé tí wọ́n bá pe ìrun, Ṣàítánì a sá lọ. Tí ìpè bá parí, a padà wá láti wọ àárín ènìyàn àti ọkàn rẹ̀. A máa sọ fún un pé kí ó rántí èyí, kí ó rántí tọ̀hún, àní ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí onítọ̀hún kò fi ní mọ iye tí ó kí mọ́. Abu Dawud náà gba hádíìsì wá pé ènìyàn lè kírun tán kí ó má rí ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀san rẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní pẹ̀lú ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí méjì ní ifásitì Harvard ní Amẹ́ríkà fi fóònù bi àwọn ènìyàn tí ó lé ní 2,000 léèrè, ní àkókò tí wọn kò retí, pé kí ni wọ́n ń ṣe àti pé níbo ni ọkàn wọn wà. Wọ́n rí i pé ní nǹkan bí ìdajì àkókò, ọkàn àwọn ènìyàn náà kò sí níbi tí ara wọn wà. Wọ́n tún rí i pé inú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ kì í sábà dùn tó inú ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ohun dídùn ni ó ń rò, inú rẹ̀ kì í dùn ju ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ kí a wá sọ pé kí ọkàn má rìn mọ́? Kò ṣeé ṣe. Ọlọ́hun tí ó dá ọkàn kò dá a láti so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìrìn ọkàn yìí kan náà ni oníṣẹ́ ọnà fi ń dá àrà, òun ni àgbẹ̀ fi ń rí ebè lórí ilẹ̀ tí kò tíì kọ. Télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a máa rí ẹ̀wù ní rírán tán kí sáàsì tó kan aṣọ. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ fún ìrònú yín ní ọ̀nà àti àkókò tirẹ̀, kí ó má baà máa jí àkókò ìrun yín, àkókò ẹ̀kọ́ yín àti àkókò iṣẹ́ yín.

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ ododo, ọ̀nà méjì ni ọkàn ń rìn. Èkínní ni èyí tí ẹ̀sìn wa pè ní ìrètí gígùn, àlá ojúmọmọ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú Suratu Nisā, āyà 120, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Ṣàítánì a máa ṣe àdéhùn fún ọmọ ènìyàn, a sì máa fi ìrètí asán kún inú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni gbogbo àdéhùn rẹ̀. Ìkejì ni àròjinlẹ̀, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní tafakkur. Nínú Suratu Āl-Imrān, āyà 190 àti 191, Ọlọ́hun yin àwọn onílàákàyè tí wọ́n ń rántí Rẹ̀ ní ìdúró, ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀, tí wọ́n sì ń ro ìṣẹ̀dá sánmà àti ilẹ̀ jinlẹ̀, títí wọ́n fi jẹ́wọ́ pé Ọlọ́hun kò dá gbogbo èyí lásán. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó dùbúlẹ̀ tí ó ń wo àjà ilé lè wà nínú ìjọsìn, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ tí ó ń wo àjà ilé sì lè wà lọ́wọ́ Ṣàítánì. Ìdùbúlẹ̀ kan náà ni, ohun tí ọkàn lọ mú bọ̀ ni ó yàtọ̀.

Kí ìmísí tó sọ̀kalẹ̀, Ànábì wa a máa lọ dá wà nínú ihò Hirā fún òru mélòó kan. Āyíṣà, ìyá àwọn olùgbàgbọ́, sọ fún wa pé a máa mú oúnjẹ dání, nígbà tí ó bá sì tán a padà sọ́dọ̀ Khadījah láti mú òmíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ìdáwà náà ní ibi, ó ní ìwọ̀n, ó ní ìmúrasílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sì dé, kò jókòó sórí òkè. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ogun Khandaq, ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn Híjírà. Ọ̀tá ń bọ̀ wá ká Madina mọ́, wọ́n sì pọ̀ ju Mùsùlùmí lọ. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì sọ pé Salmān, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ìlú rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá kò mọ irú ogun bẹ́ẹ̀. Ohun tí Salmān ti rí rí ni ó gbé sínú ọkàn, tí ó fi wo ibi tí wọ́n wà. Àtinúdá nìyẹn. Ṣùgbọ́n èrò Salmān nìkan kò dá ọ̀tá dúró. Ṣọ́bìrì ni ó dá wọn dúró, Ànábì pàápàá sì wà lára àwọn tí ó kó erùpẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sí ti Ibn Sīnā. Ní ìtòsí Bukhara ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 980, ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn dókítà ní Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé tí ìṣòro ẹ̀kọ́ kan bá ta kókó fún òun, òun a lọ sí mọ́sálásí, òun a kírun, òun a bẹ Ọba Aṣẹ̀dá, títí kókó náà yóò fi tú. Ní alẹ́, a gbé fìtílà kalẹ̀, a máa kà, a máa kọ. Tí oorun bá gbé e lọ, ìbéèrè yẹn kan náà ni yóò máa bá a lójú àlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì yé e níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwé Aristotle kan wà tí ó kà ní ogójì ìgbà tí kò yé e. Ìwé kékeré kan tí Al-Fārābī kọ, tí ó rà ní dírámù mẹ́ta lọ́jà, ni ó là á lójú, ó sì fi sàráà dúpẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe gbàgbé ogójì ìgbà náà. Ọkàn tí kò tíì jẹun kò ní ohun tí yóò pọ̀ jẹ ní àpọ̀jẹ. Ẹni tí kò ka ìwé tí ó ń retí àlá tí yóò kọ́ ọ, àgbẹ̀ tí kò gbin nǹkan tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sóko ni.

A sọ èyí nítorí ohun tí ojú wa ń rí ní àdúgbò yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ifásitì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, ọmọ ọlọ́mọ láti ìlú gbogbo ni ó ń gbé láàárín wa. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní: "Àlùfáà, ẹ gbà mí. Lórí ibùsùn mi, mo ti kọ́lé, mo ti ra ọkọ̀, mo ti gbé ìyá mi lọ sí Mẹ́kà. Ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò tíì ṣí ìwé. Ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé kí n wá bá àwọn ṣe yahoo, pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mò ń rò wà."

Ẹ̀yin ará wa, ibi tí ewu wà nìyẹn. Àlá tí kò ní ọ̀nà a máa wá ọ̀nà àbùjá. Ọmọ tí ó ti ń gbé inú ilé ńlá lọ́kàn fún ọdún mẹ́ta, ilé tí ó wà gan-an a máa sú u, iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ a máa tì í lójú. Ẹni tí yóò pè é sí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí sí jìbìtì kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ mọ́.

A bi í pé: "Ọmọ wa, nínú ìrìn àjò Mẹ́kà tí o ń rò yìí, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o rí ara rẹ tí o ń ṣe lówùúrọ̀ ọ̀la?" Ó wo ilẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Gbogbo òpin ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sí ìbẹ̀rẹ̀. A fún un ní ìwé àti bírò, a ní kí ó má ṣe lé àlá náà lọ, nítorí gbígbé ìyá ẹni lọ sí Mẹ́kà kì í ṣe àlá burúkú. Kí ó jókòó tì í, kí ó wá ọ̀nà dé ibẹ̀ láti orí àga tí ó jókòó sí. Kò tíì di olówó. Ṣùgbọ́n ó jókòó ìdánwò náà, kò sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

ÌWÀÁSÙ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, báwo ni a ó ṣe máa ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́rin lọ sílé.

Èkínní, ẹ yan àkókò kan. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà dára, kí ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kọ fi ń jinná tó. Ẹ pa fóònù, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ànábì wa wọ aṣọ kan tí ó ní iṣẹ́ ọnà kírun, iṣẹ́ ọnà náà gba ọkàn rẹ̀. Bí ó ti kírun tán, ó ní kí wọ́n dá aṣọ náà padà fún Abu Jahm, kí wọ́n bá òun gba èyí tí kò ní ọnà wá. Bí aṣọ lásán bá lè fa ọkàn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, mélòó mélòó ni fóònù tiwa!

Ìkejì, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó lé eku méjì á pòfo. "Báwo ni n ó ṣe san owó ilé ìwé àwọn ọmọ yìí?" "Kí ni kò yé mi nínú ẹ̀kọ́ yìí?" Ẹ fi sínkìrì ṣí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkàn rìn yí ìbéèrè náà ká. Tí ó bá yà kúrò, ẹ rọra pè é padà. Tí ó bá sì jẹ́ ohun tí ó ti kọjá ni ó ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ rántí pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa sọ pé "ì bá ṣe pé", nítorí ó ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ Ṣàítánì.

Ìkẹta, ẹ rí ọ̀nà, kì í ṣe òpin nìkan. Ẹ rí ara yín níbi tí iṣẹ́ ti le, kí ẹ rí ohun tí ẹ ó ṣe níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ dìde kí ẹ ṣe é. Ní ọjọ́ kan, bí Ànábì wa ti sálámà níbi ìrun Alásárì, ó yára dìde, ó ń fo èjìká àwọn ènìyàn kọjá lọ sílé, ẹ̀rù sì ba wọn. Nígbà tí ó padà, ó sọ pé òun rántí wúrà kan tí ó wà nílé, òun kò fẹ́ kí ó dá òun dúró, òun sì ti pàṣẹ kí wọ́n pín in. Èrò kan wá, ó di sàráà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tí èrò bá sì yọ́ wọlé lórí ìrun, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì tẹ̀lé e. Uthmān ọmọ Abul-Āṣ fi irú rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì ní kí ó sá di Ọlọ́hun, kí ó tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun sì mú un kúrò. Kí ẹ wí fún ọkàn yín pé ó ní àkókò tirẹ̀ lọ́la lẹ́yìn Àsùbáà. Ọkàn tí ó mọ̀ pé wọn yóò gbọ́ tòun kì í pariwo púpọ̀.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí ò ń yí ọkàn padà, fi ọkàn wa rinlẹ̀ lórí ẹ̀sìn Rẹ. Jẹ́ kí ìrònú wa jẹ́ ìjọsìn, má jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀tàn. Àwọn ọmọ wa tí ó wà nínú ìdánwò, là wọ́n lójú. Àwọn tí wọ́n ń pè sí ọ̀nà àbùjá, fà wọ́n padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Fi ọ̀nà halálì rọ̀ wá lọ́rùn. Foríjin àwọn òbí wa, alààyè àti òkú. Fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti gbogbo orílẹ̀-èdè wa. Ààmín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju ìwé yìí sílẹ̀, orúkọ Ọlọ́hun wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ fún ẹlòmíràn.