Gbèsè Ẹ̀kọ́

Bí ẹnì kan bá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àjèjì, ta ni ó jẹ ní gbèsè ẹ̀kọ́ náà: ẹni tí ó kọ́ ọ ni, tàbí àwọn tí ó bí i? Ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá, tí ó múlé gbe Ìjọrà, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí.

Àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun tí Ọjọrà Ìjọrà wà lára wọn, ni onílẹ̀ ní Èkó láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ní Àpápá. Nígbà tí ó béèrè owó ilẹ̀, ilé ẹjọ́ Èkó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ nìkan ni ó ní, kì í ṣe ilẹ̀ gan-an. Ní 1920, ó gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀.

Macaulay yìí, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ìjọba kan náà ni ó rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Plymouth ní 1890. Ó padà dé ní 1893, ó di wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Ǹjẹ́ aláìmoore ha ni bí? Rárá o. Owó ibodè tí a ń gbà lórí ọjà àwọn ará Èkó wà nínú àpò tí ìjọba fi rán an lọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Wellington Koo, ọmọ Ṣáínà tí a bí ní 1888, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà ní 1912. Ní Párí ní 1919, òfin tí ó kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ó fi bá àwọn alágbára ayé jiyàn pé kí wọ́n dá Shandong padà fún Ṣáínà. Wọ́n fi í fún Jàpáànù. Àwọn aṣojú Ṣáínà sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í rán ni níṣẹ́ ẹrú kí a má fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ Macaulay ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé ipò ọba náà ga ju bí ìjọba ti fẹ́ lọ. Ìjọba ní kí ọba rán agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ ẹ. Ọba kọ̀. Owó oṣù rẹ̀ dúró. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ẹjọ́ Gíga ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olóyè Olúwa láre pé ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ilẹ̀ náà, àdéhùn 1861 kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ní 1925, ìjọba rọ Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Aṣojú ni ó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó rán an ni ó jìyà rẹ̀. Níbi tí ìyà bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni gbèsè wà. Macaulay kò sá fún un: ó jà nínú ìwé ìròyìn Lagos Daily News, ó ṣẹ̀wọ̀n ní 1928, kò sì sinmi títí ọba fi padà sí Èkó ní 1931. Ẹ̀kọ́ lè sọ ènìyàn di aṣojú. Dídúró ti ẹni tí ó rán an ní ọjọ́ ìpọ́njú ni ó ń sọ ọ́ di ọmọlúàbí.