Ta Ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ń Sọ̀rọ̀ Fún?

Bí ìgbà bọ́ọ̀lù bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan wà tí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Ẹjọ́ náà kò kan agbábọ́ọ̀lù, kò kan kóòṣì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni wọ́n ń rò ó lé lórí. Ẹnì kan á ní, "Bàbá yìí ti dàgbà jù, kò mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́." Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n fi bàbá sílẹ̀ jàre, ohùn rẹ̀ lòun gbọ́ dàgbà. Ẹnì kẹta á ní ọkùnrin náà ń ṣègbè jù, ó ń dójú ti àwọn. Ẹnì kẹrin á bú sẹ́rìn-ín, á ní kò tilẹ̀ ṣègbè tó. Àwa Yorùbá tí a wá bá wọn nídìí eré yìí náà máa ń dá sí i, nítorí ìbéèrè gidi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tó tún fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, ṣé ó lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀ fún ẹni tí kò rí pápá?

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá nílé. Èyí tó rí bí ẹyin ni, tí wọ́n ń jù, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Yáàdì ni wọ́n fi ń ka pápá rẹ̀, 100 yáàdì láti ìlà kan dé ìkejì. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ rédíò gbọ́dọ̀ mọ̀ kò pọ̀: ibo ni bọ́ọ̀lù wà, ìgbìyànjú kelòó nìyí nínú mẹ́rin, yáàdì mélòó ló kù, èwo ni ẹgbẹ́ tiwa ti jẹ, èwo ni tiwọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1921, tí ilé-iṣẹ́ KDKA ní Pittsburgh gbé ìdíje Pittsburgh àti West Virginia sáfẹ́fẹ́, iṣẹ́ náà kò tíì yàtọ̀. Ohun tó wá mú un le ni pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, tàbí iléeṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló ń sanwó oṣù fún un. Kò sí ẹni tó retí pé kó dúró láàárín méjì.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé irọ́ ni ègbè, kò sí méjì. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń kì í lè máa gbé e ga títí tí orí rẹ̀ á fi wú, kó sì tún mẹ́nu ba àbùkù bàbá ńlá rẹ̀ níbẹ̀. Ìfẹ́ kò di ẹnu rẹ̀. Bob Ufer ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Michigan láti 1945 títí di 1981 tó kú. Ọkùnrin yìí kò fi bò rárá pé ti Michigan lòun ń ṣe. Ó ní fèrè ọkọ̀ kan lọ́wọ́, tó ní ara jíìpù Ọ̀gágun Patton ló ti wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì máa ń fọn ọ́n tí Michigan bá jẹ touchdown. Àwọn tó ń gbọ́ ọ láti ẹgbẹ́ kejì kórìíra fèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́tò tó ń tún un ṣe, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa kíka fèrè lásán. Ègbè wà níbẹ̀, ìròyìn náà wà níbẹ̀.

Larry Munson ló tún fi èyí hàn jù. Minnesota ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe ọmọ Georgia, ọdún 1966 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún yunifásítì Georgia. Kò pẹ́ tó fi di "àwa" lẹ́nu rẹ̀: a ti wọ gàù, a ti bọ́. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ kejì sì máa ń bà á ṣáá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé òmìrán ni wọ́n kó wá bá Georgia jà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1980, Florida ń fi 21 sí 20 lé Georgia níwájú, ìṣẹ́jú bíi kan ló kù, bọ́ọ̀lù sì wà ní yáàdì 7 lẹ́bàá ẹnu ìlà Georgia níbẹ̀. Buck Belue ju bọ́ọ̀lù fún Lindsay Scott, Scott sì sá eré náà dópin, yáàdì 93. Gbogbo ayé ló rántí igbe tí Munson ké, tó ń bẹ ọmọkùnrin náà pé kó sáré, tó ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Ó ní òun tilẹ̀ fọ́ àga tí òun jókòó lé. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí ni ohun tó wà láàárín igbe náà. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, ó ti sọ bí Florida ṣe tò sílẹ̀. Bí Scott ṣe ń sáré, Munson ń ka yáàdì: 35, 40, 45, 50, ó tún ń kà á padà sílẹ̀ títí dé 5. Ọkùnrin tó ń fọ́ àga kò ṣi ìṣirò pa. Georgia gba ìdíje yẹn 26 sí 21.

Joe Starkey ti California ń kọ́? Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1982. Stanford ń fi 20 sí 19 borí, ìṣẹ́jú-àáyá 4 ló kù. California gba bọ́ọ̀lù, wọ́n ń jù ú fún ara wọn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ afọnfèrè Stanford sì ti ya wọ inú pápá nítorí wọ́n rò pé eré ti parí. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dé ìlà kọlu afọntróńbóònù kan, ó sì gbé e ṣubú. Ẹ rò ó wò: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ California ni Starkey, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kí ló sọ? Ó ní wọ́n ti dé ìlà, ṣùgbọ́n àsíá ìjìyà wà nílẹ̀, a ò tíì mọ ẹni tó borí. Ó dúró. Ìgbà tí adájọ́ fọwọ́ sí i tán ló tó pariwo, ariwo náà sì pọ̀ dé góńgó. Àwa ka ìdúró díẹ̀ yẹn sí ju ariwo tó tẹ̀lé e lọ. Ẹni tó bá máa ṣègbè ló dára kó mọ bí a ṣe ń dúró.

Nítorí náà, ẹ̀bi kì í wá láti inú igbe. Inú ìdákẹ́ ló ti ń wá. Ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn ṣe màkàrúrù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú adájọ́, kò sọ ohun tí ọmọ náà ṣe. Wọ́n ń na ẹgbẹ́ tiwọn lọ, ohùn rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kò sọ iye tí ẹnikẹ́ni jẹ. Tàbí kẹ̀, ìpolówó ọjà gbà á lẹ́nu: ilé-ìfowópamọ́ ló gbé yáàdì yìí wá fún yín, oníṣòwò mọ́tò ló gbé ìyẹn wá. Bọ́ọ̀lù ti lọ, a ò mọ ibi tó gbà.

Ta ló wá yẹ kó dá ẹjọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ń gbọ́ ti rédíò, nítorí wọn ò fẹ́ ohùn àlejò. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni rédíò náà wà, ó máa ń pẹ́ ju àwòrán lọ, wọ́n á ti rí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Àwọn wọ̀nyí, iyọ̀ ọbẹ̀ ni ohùn náà jẹ́ fún wọn. Ojú wọn ti jẹun yó. Ẹ fi wọ́n wé afọ́jú, ẹni tó ń wakọ̀ akẹ́rù lóru, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ṣìnà, àwọn yìí ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀, wọn ò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè bi. Lójú tiwa, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ náà yẹ kó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ogbó ti le jù. Munson fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 86. Eli Gold ṣe ti Alabama láti 1988. Àìsàn gbà á ní gbogbo ìgbà bọ́ọ̀lù ọdún 2022, ó padà ní 2023, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n ní kò ní padà mọ́, Chris Stewart sì gba ipò rẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. A mọ ìdí. Ohùn tí ènìyàn bá gbọ́ nínú mọ́tò bàbá rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ohùn ẹlòmíràn mọ́. Bí ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣú, ta ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́? Olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú. Síbẹ̀, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, kò mọ̀ pé Nọ́ńbà 22 kọ́ ló gbé bọ́ọ̀lù.

Ohun kan tó kù kan àwa gan-an. Olusegun Oluwatimi gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington ní Michigan ní ọdún 2022. Olumuyiwa Fashanu ti Penn State ni ẹgbẹ́ New York Jets mú ní ipò 11 ní 2024. Ọmọ tiwa ni orúkọ méjèèjì ń pè, ìwájú ni wọ́n sì ń dúró, àwọn tó ń dènà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Rédíò kì í sábà dárúkọ irú wọn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹnu ń tẹ̀lé. Ẹni tó ń dènà, ìgbà tó bá ṣẹ̀ tí wọ́n ju àsíá ni orúkọ rẹ̀ ń jáde, láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀, a ó sì dákẹ́ ná ká tó mọ̀ pé ọmọ wa ni wọ́n ń bá wí.